Ilé onílé ni: bí a ṣe ń sùn ní ilé àlejò àtijọ́ ní Tsumago

Oúnjẹ alẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní Tsumago, ìlú àtijọ́ kan láàárín àwọn òkè Kiso ní Japan. Tó bá ti di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyá onílé ti yọ ẹja kúrò nídìí iná, ó ti bu ìrẹsì sínú igbá onígi olómorí, ọbẹ̀ sì ti wà nínú abọ́. Àlejò tó bá yọjú ní agogo méje ti ba iṣẹ́ ọ̀sán gbogbo jẹ́, ì báà bẹ̀bẹ̀ títí. Kì í ṣe pé àwọn ará òkè Kiso le lọ́kàn. Ọwọ́ tó se oúnjẹ yẹn náà ni yóò fọ abọ́, òun ni yóò tọ́jú omi ìwẹ̀, òun náà ni yóò sì jí ní ìdájí láti dáná oúnjẹ àárọ̀. Bí àlejò bá pẹ́ ní wákàtí kan, inú oorun onílé ni wákàtí náà ti máa jáde.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń múra àtilọ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo nìyẹn: minshuku kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì kékeré. Ilé tí ẹbí kan ń gbé ni, tí wọ́n ya yàrá mélòó kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àlejò. Ryokan ni ilé àlejò tó ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ, tí owó rẹ̀ sì máa ń ga. Àwọn àjèjì máa ń há òfin minshuku sórí bí ìgbà tí èèyàn ń há èèwọ̀ sórí: bàtà níbí, sálúbàtà níbẹ̀, má fa èyí, má gbé tọ̀hún. Bí wọ́n bá ti há a sórí bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá mọ ìdí òfin kọ̀ọ̀kan kò nílò àhásórí, torí ìdí náà máa ń wá láti ara ilé fúnra rẹ̀ tàbí láti ara iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ilé náà ní ìtàn. Tsumago wà ní àfonífojì odò Kiso, ní agbègbè Nagano, ní àárín gbùngbùn Japan. Láyé ìjọba Edo, láti 1603 sí 1868, ọ̀nà Nakasendo ló so Edo, tó di Tokyo lónìí, pọ̀ mọ́ Kyoto. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bí 530 kìlómítà, ibùsọ̀ 69 ló sì wà lójú rẹ̀ tí arìnrìn-àjò lè sùn sí. Tsumago ni ìkejìlélógójì. Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè Chuo parí ní 1911, etí odò ló gbà, ó sì fi Tsumago sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlú náà tú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ lọ, owó kò wọlé, kò sì sí ẹni tó rí owó tó máa fi wó ilé bàbá rẹ̀ kọ́ ilé oníkọnkéré. Àìrówó yẹn ló dá ilé sí. Ní 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1971 ni àwọn ará ìlú fi ẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta: a kò ní í ta ilé, a kò ní í fi háyà, a kò ní í wó o. Ní 1976 ni ìjọba Japan fi ìlú náà sí ara àwọn 7 àkọ́kọ́ tí òfin orílẹ̀-èdè ń dáàbò bo gẹ́gẹ́ bí àkójọ ilé àtijọ́.

Ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí yẹn ló ń ṣe àlejò lóore, òun náà ló sì ń mú un gbọ̀n nínú òtútù. Torí pé wọn kì í fi ilé háyà, ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọ ni ẹni tó ni ilé. Torí pé wọn kì í wó o, ògiri ṣì jẹ́ pákó àti amọ̀, fèrèsé ṣì jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò bí ọgbà, afẹ́fẹ́ òkè sì ń gba ojú àlàfo wọlé. Wọ́n ti kó òpó iná mànàmáná kúrò lójú títì lọ sẹ́yìn ilé, ọkọ̀ kì í sì í gba ojú ọ̀nà àtijọ́ náà kọjá lójú ọ̀sán.

Igi tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí yẹ lóhun tí à ń wò dáadáa. Láyé Edo, ìjọba ìbílẹ̀ Owari fòfin de gígé irú igi márùn-ún nínú igbó Kiso, hinoki sì ni ọ̀gá wọn. Ẹni tó bá gé hinoki kan, orí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Nígbà tí ìjọba yí padà tí òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀ ni olówó ìlú lè fi hinoki kọ́lé. Ilé Waki-honjin Okuya, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, 1877 ni wọ́n fi hinoki tún un kọ́. Wọlé síbẹ̀ lọ́sàn-án kí o tó lọ sí ibi tí o máa sùn. Wo bí èéfín ààrò ṣe sọ òpó di dúdú tó ń dán, kí ojú rẹ lè mọ ohun tí o máa bá ní yàrá rẹ lálẹ́.

Láti Nagoya, rélùwéè ló ń gbé èèyàn dé ibùdókọ̀ Nagiso, bọ́ọ̀sì sì ń gbé e dé Tsumago láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀nà tó wù mí jù ni ti ẹsẹ̀: wọ bọ́ọ̀sì láti Nakatsugawa lọ sí Magome, kí o wá fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà 8 gba orí òkè wá sí Tsumago. Wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ló ń gbà. Magome ga ju Tsumago lọ, nítorí náà ẹni tó bá ti Magome wá kò ní gun òkè tó ẹni tó ń ti Tsumago lọ. Agogo ńlá wà lẹ́bàá ọ̀nà níbi mélòó kan. Lù ú bí o bá ti dé ìdí rẹ̀, torí béárì wà nínú igbó náà, béárì tó bá sì gbọ́ ariwo èèyàn á yà fún un. Kúrò ní Magome kí agogo kan ọ̀sán tó lù. Lẹ́yìn òkè, òòrùn máa ń tètè wọ̀. Ní àsìkò tí àlejò pọ̀, ọ́fíìsì arìnrìn-àjò ìlú méjèèjì máa ń gba ẹrù láàárọ̀, wọ́n á sì gbé e dé ìlú kejì kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Lò ó. Kò sí àpótí ẹrù tó yẹ kó fi táyà kékeré gun òkúta ọ̀nà yẹn.

Iye owó minshuku, iye orí ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka yàrá. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba nǹkan bí 10,000 sí 15,000 yẹ́nì lórí ẹnì kan, tòun ti oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀. Ẹ má yọ oúnjẹ kúrò nítorí àtidín owó kù. Ilé oúnjẹ Tsumago máa ń ti ilẹ̀kùn ní nǹkan bí agogo márùn-ún, ẹni tí kò bá jẹun nílé á fi ebi sùn. Owó lọ́wọ́ ni kí o mú dání, torí ọ̀pọ̀ ilé kì í gba káàdì. Nígbà tí o bá ń gba yàrá, sọ wákàtí tí o máa dé, kí ó wà láàárín agogo mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ọkọ̀ bá sì já ọ kulẹ̀ lójú ọ̀nà, pè wọ́n. Bí o bá fẹ́ fagi lé e, tètè sọ ọ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí iye orí àlejò ni wọ́n fi ń ra ẹja.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kan wà tí àwa Yorùbá ní láti là mọ́lẹ̀ nígbà yẹn náà. Àwọn Mùsùlùmí wa máa ń rò pé bí ẹlẹ́dẹ̀ kò bá ti sí nínú oúnjẹ, ó parí. Kò parí. Ọtí ìrẹsì àti mirin, tí òun náà ní ọtí nínú, ni wọ́n fi ń se ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ àti ẹja. Ẹni tí kì í jẹ ẹran náà kò bọ́ níbẹ̀, torí omi ẹja gbígbẹ ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ wọn, títí kan èyí tí ewébẹ̀ nìkan hàn nínú rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, àwọn ilé kan á gbà, àwọn mìíràn á sọ fún ọ pé agbára àwọn kò ká a. Èsì kejì yẹn kì í ṣe àfojúdi, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Bí o bá sọ ọ́ nígbà tí o ti jókòó sídìí oúnjẹ, o fi ìtìjú kan ẹni tó se é, ebi á sì pa ọ́.

Ní ìloro ni o ti máa bọ́ bàtà. Ilẹ̀ ìloro rẹlẹ̀, ilẹ̀ ilé ga jù ú lọ. Ibi gíga yẹn ni ààlà. Bọ́ bàtà nísàlẹ̀, gbé ẹsẹ̀ gun òkè láìtún fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀, kí o wá wọ sálúbàtà tí wọ́n tò sílẹ̀. Sálúbàtà yẹn wà fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó nìkan. Bí o bá dé ẹnu yàrá, bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹní tatami, koríko híhun ni. Fífà sálúbàtà lórí rẹ̀ á ya á. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní sálúbàtà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á wọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde wá sí ìdí oúnjẹ. Àwọn onílé kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n rí i. Onílé á tún béèrè pásípọ́ọ̀tù, torí òfin ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà àlejò tí kì í gbé ní Japan sílẹ̀.

Ẹní tatami kan gùn tó nǹkan bí 180 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 90. Yàrá ẹlẹ́ní mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lo máa bá. Tábìlì kúkurú kan wà láàárín rẹ̀, pẹ̀lú tìmùtìmù fún ìjókòó àti kẹ́tù omi gbígbóná. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Gbé àpótí rẹ, má ṣe yí i lórí ẹní, kí o sì fi í sí ẹ̀bá ògiri. Bí o bá rí àyè kékeré kan tó ga díẹ̀ níhà ògiri, tí àwòrán gbọọrọ kọ́ sí, tí òdòdó sì wà níbẹ̀, má gbé ẹrù síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú iyì yàrá. Àtẹ́rígbà ilé àtijọ́ kì í sábà ju 175 sẹ̀ǹtímítà lọ, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin wa tó ga gbọ́dọ̀ máa tẹrí ba ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, pàápàá lóru tí iná kò sí. Àkàsọ̀ náà ga gan-an, ó sì tóóró. Fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ bí o bá gbé ẹrù.

Ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá kan àti èkejì, férémù igi tí a fi bébà bò ni. Fífà ni wọ́n ń fà á, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ń kọjá nínú rẹ̀, ká má tíì sọ ti ipè fídíò sílé ní Ìbàdàn tàbí Peckham ní agogo mọ́kànlá òru. Jáde lọ sí iwájú ilé bí ìpè bá pọn dandan, àmọ́ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ló gba àlàyé jù. Ọ̀pọ̀ minshuku ní ọpọ́n ìwẹ̀ kan tàbí méjì, àwọn kan fi igi ṣe é. Omi inú rẹ̀ máa ń gbóná tó ìwọ̀n 40 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi kan náà yẹn ni gbogbo àlejò máa wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹbí onílé náà sì lè wọ̀ ọ́ lẹ́yìn wọn. Bí o bá ti mọ èyí, kò sí òfin tó ṣòro mọ́. Ìta ọpọ́n ni o ti máa fi ọṣẹ wẹ̀, ní ìjókòó lórí àpótí kékeré, kí o sì ṣan ara títí ọṣẹ yóò fi tán lára rẹ. Lẹ́yìn náà ni o máa wọnú ọpọ́n, láti jókòó nínú ooru lásán. Tọ́wẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ kan omi. Má fa ohun tí wọ́n fi dí ìdí ọpọ́n nígbà tí o bá jáde; ẹni tó bá fà á ti da ìwẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn nù, ó sì máa ń pẹ́ kí omi mìíràn tó gbóná. Tò pákó padà bo ojú ọpọ́n kí ooru má bàa lọ. Onílé ló máa sọ ìgbà tó kàn ọ́, ìgbà tó sọ gan-an sì ni kí o lọ.

Obìnrin tó dirun, pàápàá tó fi àtàṣímẹ́ǹtì sí i, kó di gbogbo rẹ̀ sókè kó sì dé fìlà ìwẹ̀. Irun kò gbọ́dọ̀ wọ omi. Yàtọ̀ sí èyí, irun dídì tó bá tutù nínú òtútù òkè kì í gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Má fi òrí para kí o tó wọ ọpọ́n, torí ọ̀rá á léfòó sójú omi. Bí o bá fẹ́ pa á lẹ́yìn ìwẹ̀, fi díẹ̀ pa á, jẹ́ kó wọra pátápátá kí o tó jókòó sórí ẹní. Òróró kì í kúrò lára tatami. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi. Nígbà òtútù, yàrá tí a ti ń bọ́ṣọ lè tutù bíi ti ìta, èèyàn á sì bọ́ sínú omi ìwọ̀n 42 lẹ́ẹ̀kan náà. Àyípadà òjijì yẹn máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ti pa ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Japan. Bu omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ àti apá ná, má pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, má sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọtí.

Aṣọ yukata tí wọ́n fi sílẹ̀ ní yàrá ni o máa wọ̀ jáde. Apá òsì ló máa ń wà lókè apá ọ̀tún. Òkú nìkan ni wọ́n ń fi apá ọ̀tún bò lókè fún, nítorí náà wo ara rẹ dáadáa kí o tó lọ jẹun.

Ní ìdí oúnjẹ alẹ́ ni òkè Kiso ti máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Òkun jìnnà, nítorí náà ẹja odò ni: iwana, amago tàbí ayu. Wọ́n á fi igi gún un lọ́nà kọ́lọkọ̀lọ kí ara rẹ̀ lè dà bí ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á fi iyọ̀ pa á, wọ́n á sì lẹ iyọ̀ tó nípọn mọ́ lẹbẹ́ àti ìrù kó má bàa jóná. Nílé tó ṣì ń lo ààrò àárín ilé, wọ́n á gún igi náà mọ́ eérú yí èédú ká, kì í ṣe lórí èédú. Ooru láti ọ̀nà jíjìn ló ń yan án, ó sì lè gbà tó wákàtí kan. Bí wọ́n bá sún un mọ́ iná jù, awọ á jó, inú á sì tutù. Èyí tó jinná dáadáa, láti orí dé ìrù lo lè jẹ ẹ́ tegungun-tegungun. Jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ti gbé e dé, torí tó bá tutù egungun á le.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, wàá rí ewébẹ̀ igbó díndín nígbà ìrúwé, olú nígbà ìwọ́wé, nígbà mìíràn tata àti ìdin agbọ́n tí a sè pẹ̀lú omi sóyà àti ṣúgà. Tata kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́nu. Ata ni kò sí. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò lè gba oúnjẹ láìsí ata lè mú ata gígún díẹ̀ dání, àmọ́ mo rọ̀ ọ́ kí o kọ́kọ́ jẹ ẹja náà bó ṣe wà. Béèrè sunki bí o bá lọ nígbà òtútù. Ewé túníìpù pupa ni. Wọ́n á fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ fẹ́rẹ́, wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ èyí tó kù láti ọdún tó kọjá, wọ́n á sì jẹ́ kó kan láìfi iyọ̀ kankan sí i. Láyé àtijọ́, iyọ̀ ní láti ti etí òkun gun gbogbo òkè yẹn dé Kiso, ó sì wọ́n. Sunki kò wọ́pọ̀ rárá ní òde Kiso.

Nígbà tí o bá ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n lè ti tẹ́ ibùsùn fún ọ. Ní ọ̀pọ̀ minshuku, ìwọ fúnra rẹ ni o máa tẹ́ ẹ. Tìmùtìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń wà nísàlẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, béèrè méjì kí o to wọ́n lé ara wọn. Aṣọ funfun á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìbora nínípọn. Èèpo ọkà soba ni wọ́n máa ń kì sínú ìrọ̀rí. Ó le, ó sì máa ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí orí bá yí. Láàárọ̀, ká aṣọ kúrò lórí ibùsùn, ká ibùsùn sí mẹ́ta, kí o sì fi í sílẹ̀ láì kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Òógùn òru ṣì wà lára rẹ̀, tí o bá tì í mọ́ inú òkùnkùn báyẹn, yóò bu.

Sítóòfù kẹrosín ló ń mú yàrá gbóná ní ọ̀pọ̀ ilé nígbà òtútù. Ó dára, ó sì léwu. Ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, má fi aṣọ sá sí i lórí, pa á kí o tó sùn. Àwa tí a ti mọ ewu jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá títì kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé èéfín tí kò lóòórùn fún wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní ooru rárá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì lè wà ní òpin rẹ̀, nítorí náà tẹ́ aṣọ òtútù sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Bí o bá bá téèpù tó ń lẹ̀ kan nínú yàrá nígbà ìwọ́wé, ti kamemushi ni. Kòkòrò pẹlẹbẹ ni, ó tó èékánná ọwọ́, ó sì ń wá ibi tó máa sá sí fún òtútù. Má tẹ̀ ẹ́, má sì fi bàtà lù ú. Òórùn rẹ̀ lè mú kí èèyàn sá kúrò ní yàrá. Já téèpù díẹ̀, fi ẹ̀gbẹ́ tó ń lẹ̀ kàn án lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí o sì ká téèpù náà bò ó pátápátá.

Oúnjẹ àárọ̀ máa ń wà ní nǹkan bí agogo méje àbọ̀: ìrẹsì, ọbẹ̀ miso, ẹja, ẹyin, ewé òkun gbígbẹ, àti nígbà mìíràn natto. Àwọn òyìnbó máa ń sá fún natto. Kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ẹ̀wà sóyà di natto, Bacillus subtilis, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú wa, ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ kò fi ní jọ ọ́ lójú. Rò ó pẹ̀lú igi ìjẹun títí yóò fi yọ́ tó ń fà, da omi sóyà díẹ̀ sí i, kí o wá bù ú lé ìrẹsì gbígbóná.

Wọ́n ń retí kí yàrá ṣófo ní agogo mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. San owó ní ìloro, kí o sì ti béèrè wákàtí bọ́ọ̀sì Nagiso lálẹ́ àná, torí bọ́ọ̀sì náà kò pọ̀. Nípa àsìkò tó dára jù, ìparí oṣù kọkànlá ni mo fara mọ́. Èrò ti dín kù, ààrò ti ń jó, sunki tuntun sì ti ń jáde. Òtútù á mú ọ lẹ́sẹ̀ lórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí náà di ìbọ̀sẹ̀ nínípọn méjì sínú ẹrù, ọ̀kan fún ojú ọ̀nà, ìkejì fún inú ilé.